Ọ̀kẹ́, ṣílè àti náírà: èló ni owó bàbá ńlá mi jẹ́ lónìí?

Òǹkàwé kan láti Ìbàdàn kọ̀wé sí mi pé òun ń kó ìtàn ìdílé òun jọ sínú ìwé kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ti dá iṣẹ́ náà dúró. Àwọn àgbà ilé sọ fún un pé ọ̀kan nínú àwọn bàbá ńlá òun yá ọ̀kẹ́ mẹ́ta owó ẹyọ, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà títí ó fi san gbèsè náà tán. Ó tún rí ìwé èsúsú tí bàbá tó bí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ láti ọdún 1958, tí wọ́n kọ £3 7s 6d sí iwájú orúkọ bàbá náà. Ìyá àgbà rẹ̀, tí Ọlọ́run ṣì dá sí, sì máa ń sọ pé kọ́bọ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n ń fún òun láti fi jẹun ní ilé ẹ̀kọ́. Ìbéèrè rẹ̀ nìyí: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, èló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn owó yìí jẹ́ ní náírà, kí ló sì fà á tí owó wa fi yí padà tó bẹ́ẹ̀?”

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ọ̀kan nínú àwọn owó mẹ́ta yìí ṣeé ṣírò dé orí kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, ọ̀kan ní pàkúté nínú, ọ̀kan yòókù kò sì ní iye kankan ní náírà, bó ti wù kí ẹni tí ń ṣírò gbọ́n tó. Màá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé èsúsú, nítorí òun ló rọrùn jù.

Àmì mẹ́ta ni akọ̀wé èsúsú náà lò. £ dúró fún pọ́n-ùn, s dúró fún ṣílè, d sì dúró fún pẹ́nì. Lẹ́tà d yìí máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú, nítorí kò sí d kankan nínú ọ̀rọ̀ pẹ́nì. Inú orúkọ owó fàdákà àwọn ará Róòmù àtijọ́, denarius, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú un, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe mú £ láti inú libra, tí í ṣe orúkọ ìwọ̀n kan ní Róòmù. Pẹ́nì 12 ló ń jẹ́ ṣílè kan, ṣílè 20 sì ń jẹ́ pọ́n-ùn kan, tó fi jẹ́ pé pẹ́nì 240 ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Bí ẹ bá tún yẹ ìwé náà wò dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ibi tí wọ́n ti kọ 7/6 láìfi lẹ́tà kankan sí i. Ohun kan náà ni: ṣílè méje àti pẹ́nì mẹ́fà, tí àwọn àgbà ń pè ní ṣílè méje ààbọ̀ nítorí pé pẹ́nì mẹ́fà jẹ́ ìdajì ṣílè. Bí ẹ bá sì rí 2/-, ṣílè méjì géérégé nìyẹn, kò sí pẹ́nì kankan lórí rẹ̀.

Owó tí bàbá yín dá ní 1958 kò tíì jẹ́ owó Nàìjíríà. Owó tí West African Currency Board ń ṣe ni, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1912 láti máa pèsè owó fún Nàìjíríà, Gold Coast (tí a ń pè ní Ghana lónìí), Sierra Leone àti Gambia. Ọgbọọgba ni pọ́n-ùn ìgbìmọ̀ yìí àti pọ́n-ùn Ìlú Ọba, nítorí náà £3 7s 6d ní Ìbàdàn kò fi kọ́bọ̀ kan dín sí £3 7s 6d ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje 1959, ó gbé pọ́n-ùn Nàìjíríà jáde, wọ́n sì fi pààrọ̀ ti ìgbìmọ̀ náà ní ọ̀kan sí ọ̀kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973, náírà dé, òfin sì sọ pé náírà méjì ni pọ́n-ùn kan. Ẹ wá rí i pé okùn náà kò já níbì kankan láti 1958 títí di òní. Pọ́n-ùn mẹ́ta di náírà mẹ́fà, ṣílè méje di 70 kọ́bọ̀, pẹ́nì mẹ́fà sì di kọ́bọ̀ márùn-ún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦6.75. Ohun tí ₦6.75 lè rà lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yà sọ́dọ̀ ìyá àgbà báyìí, nítorí ọ̀dọ̀ tiwọn ni pàkúté wà. Àwọn ènìyàn wa kò fi bẹ́ẹ̀ pe pẹ́nì ní pẹ́nì. Kọ́bọ̀ ni wọ́n ń pè é, láti inú copper, ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe bàbà, irin pupa tí wọ́n fi ń rọ pẹ́nì Ìlú Ọba. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀: kwabo ni Hausa ń sọ, Ìgbò náà sì ní kọbọ. Ìdajì kọ́bọ̀ ni ẹ̀pìnnì. Kọ́bọ̀ mẹ́ta ni tọ́rọ́, mẹ́fà sì ni sísì. Ìsàlẹ̀ gbogbo wọn ni onínì wà, ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀, owó tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ọ̀rọ̀ tí à ń fi ṣàpèjúwe òtòṣì. Mo ní onínì kan nílé tí mo máa ń fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó fẹ́lẹ́, ó ní ihò róbótó láàárín, ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà kan sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Kọ́bọ̀ àti ẹ̀pìnnì náà ní ihò bẹ́ẹ̀. Ẹ ó rántí pé àwọn tí owó yìí kọ́kọ́ dé ọwọ́ wọn ti fi ọjọ́ ayé wọn gbogbo sin owó sórí okùn, ihò yẹn kò sì ṣàjèjì lójú wọn rárá.

Kọ́bọ̀ mẹ́ta tí ìyá àgbà ń sọ, tọ́rọ́ kan ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ń wá orúkọ tí wọn yóò sọ owó kékeré inú náírà, kọ́bọ̀ tí gbogbo ọjà ti ń pè tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n mú, wọ́n sì fún un ní iye mìíràn. Kọ́bọ̀ àtijọ́ 240 ló wà nínú pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ tuntun 200 péré ló wà nínú náírà méjì tó rọ́pò pọ́n-ùn ọ̀hún. Kọ́bọ̀ àtijọ́ mẹ́fà, tí í ṣe sísì, ló di kọ́bọ̀ tuntun márùn-ún. Orúkọ kan náà, iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Bí ẹ bá kọ “kọ́bọ̀ mẹ́ta” sínú ìwé yín láìṣàlàyé, ọmọ yín yóò rò pé ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún náírà ni, bẹ́ẹ̀ sì ni kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀ ni. Ìyàtọ̀ náà kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi irú àṣìṣe yìí ṣírò owó orí ìlú kan fún ogún ọdún gbáko, tí gbogbo iye inú ìwé náà sì fi ìdá kan nínú márùn-ún lé sí i.

Kí ló dé tí wọn kò kúkú jẹ́ kí kọ́bọ̀ dúró bó ṣe wà? Ìdí ni pé wọ́n fẹ́ owó tí a ń kà ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, 240 kò sì ṣeé fi ṣe ọgọ́rùn-ún láìjẹ́ pé ẹnì kan pàdánù. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ìlú Ọba gba èkíní ní oṣù Kejì 1971: wọ́n di pọ́n-ùn mú, wọ́n sì sọ pẹ́nì di ńlá, tó fi jẹ́ pé pẹ́nì tuntun kan ju pẹ́nì àtijọ́ méjì lọ. Ghana ti gba èkejì ní 1965, nígbà tí wọ́n di pẹ́nì mú, tí wọ́n pè é ní pesewa, tí wọ́n sì kó ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jọ láti fi ṣe cedi kan. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń ra ata, ṣùgbọ́n cedi wá di ṣílè mẹ́jọ àti pẹ́nì mẹ́rin, iye tí kò bá ìwé ìṣirò akọ̀wé kankan mu, wọn kò sì ju ọdún méjì lọ tí wọ́n fi yí i padà. Ọ̀nà kẹta ni láti di ṣílè mú. Bí ṣílè mẹ́wàá bá di owó ńlá tuntun, ṣílè kan yóò jẹ́ owó kékeré mẹ́wàá géérégé. Ọ̀nà yìí ni South Africa gbà ní 1961, Sierra Leone ní 1964, Australia ní 1966, New Zealand ní 1967, òun náà ni Nàìjíríà sì yàn. Ní tèmi, òun ló mọ́gbọ́n dání jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún orílẹ̀-èdè tó jẹ́ pé ṣílè ni àwọn oníṣòwò rẹ̀ fi ń ronú.

Wọ́n fi ń ronú lóòótọ́ ni. Mo kéré nígbà tí náírà dé, ṣùgbọ́n mo rántí ọjà tí màmá mi ti ń ta ẹ̀wà. Àwọn ìyá ọjà yóò na ọwọ́ gba bébà àádọ́ta kọ́bọ̀, ẹnu wọn yóò sì sọ pé “ṣílè márùn-ún.” Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni ṣílè, márùn-ún ni sísì, náírà mẹ́wàá sì ni pọ́n-ùn márùn-ún. Tọ́rọ́ nìkan ló dá wàhálà sílẹ̀, nítorí kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀ ni, ó sì wà lára ohun tó mú kí ìjọba rọ owó ìdajì kọ́bọ̀ mọ́ àwọn yòókù ní 1973. Orúkọ náírà fúnra rẹ̀ jáde láti inú orúkọ Nàìjíríà, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà fún ọ̀rọ̀ ìnáwó ní ìjọba àpapọ̀ títí di 1971, ni a sì gbà pé ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Awólọ́wọ̀ kan náà ni àwòrán rẹ̀ wá hàn lórí bébà ọgọ́rùn-ún náírà nígbà tó jáde ní 1999.

Ó wá ku ọ̀kẹ́ mẹ́ta, èyí tó wù mí láti sọ jù lọ.

Ìkarahun ẹran omi kékeré kan ni owó ẹyọ, inú òkun tó yí erékùṣù Maldives ká, lọ́nà jíjìn ní òkun Íńdíà, ni wọ́n sì ti ń kó èyí tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Inú aginjù ló kọ́kọ́ gbà wọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Arìnrìn-àjò ará Morocco nì, Ibn Battuta, tó ti ṣe adájọ́ rí ní Maldives, rí i ní Mali láàárín ọ̀rúndún kẹrìnlá, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé 1,150 rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe pààrọ̀ dínárì wúrà kan. Láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí ti ń gbé e wá sí etíkun wa, àwọn ará Holland àti Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ lé wọn. A kò gbọdọ̀ fi bò: púpọ̀ nínú owó ẹyọ tó wọlé láti etíkun ní àwọn ọ̀rúndún wọ̀nyẹn, ènìyàn ni wọ́n fi rà.

Ó rọrùn láti rẹ́rìn-ín sí owó ìkarahun, ṣùgbọ́n ó ní àǹfààní tí bébà kò ní. Kì í jẹrà, kò ṣeé ṣe ayédèrú rẹ̀, omi kò lè ba á jẹ́, ẹyọ kan rẹ̀ sì kéré tó láti ra ohun tó kéré jù lọ ní ọjà. Wàhálà rẹ̀ kò ju kíkà lọ. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ Church Missionary Society (CMS) kan tó gbé ní Ìjàyè, ṣàpèjúwe kíkà yìí nínú ìwé kan tó jáde ní 1887. Wọn yóò da àpò owó sílẹ̀, ẹni tí yóò kà á yóò kúnlẹ̀ tì í, yóò sì máa fi ọwọ́ fa márùn-ún márùn-ún sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bó bá ti fa márùn-ún nígbà ogún, ọgọ́rùn-ún ti pé. Yóò ka ọgọ́rùn-ún mìíràn, yóò pa òkìtì méjèèjì pọ̀ di igba, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá lóye òkìtì igba yìí ti lóye bí Yorùbá ṣe ń ka nǹkan. Igba méjì ni irínwó, igba márùn-ún ni ẹgbẹ̀rún, igba mẹ́wàá ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan. Bí wọ́n bá sin owó sórí okùn, ogójì ló ń wà lórí okùn kan, àádọ́ta okùn ló ń di ẹgbàá, tí wọ́n tún ń pè ní orí owó kan. Ọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe orúkọ iye ní ìpilẹ̀ṣẹ̀: àpò ńlá ni, àpò tí ẹgbàá mẹ́wàá owó ẹyọ ń kún. Ẹrù orí alárù kan ni. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé mílíọ̀nù kan náírà jẹ́ àádọ́ta ọ̀kẹ́, àádọ́ta àpò ìkarahun ni wọ́n ń kà fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí fóònù ni owó náà wà. Ẹni tó bá sì sọ pé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ló wá síbi ayẹyẹ, àpò tí ẹnikẹ́ni kò lè kà tán ló ń sọ. Kódà “oókan, eéjì, ẹẹ́ta” tí a kọ́ wa ní kíláàsì kìíní, owó kan, owó méjì, owó mẹ́ta ni tí a gé kúrú. Bákan náà ni “eélòó” tí ẹ fi ń béèrè iye owó tòmátì jẹ́ “owó èló.” Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé òwò owó ẹyọ ti kúrò ní ọjà, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò lẹ́nu wa. Ní Cuba pàápàá, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ti gbàgbé púpọ̀ nínú èdè náà, owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún tí wọ́n fi ń bá òrìṣà sọ̀rọ̀ ṣì ń jẹ́ dilogún.

Ọ̀kẹ́ mẹ́ta jẹ́ 60,000 owó ẹyọ, ọgbọ̀n ẹgbàá, tàbí 1,500 okùn. Bí wọ́n bá kà á sílẹ̀ bí Mann ṣe rí i, ìgbà 12,000 ni ọwọ́ yóò fa márùn-ún, alárù mẹ́ta ni yóò sì gbé e lọ sílé. Ẹ wo bí yóò ṣe rí ní ọjọ́ tí bàbá ńlá yín lọ gba owó náà: kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi sápò bùbá lọ sílé ní ìkọ̀kọ̀.

Kí wá ló dé tí mo fi ní kò ní iye ní náírà? Ìdí méjì ni. Èkíní ni pé iye owó ẹyọ kò dúró sójú kan láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Láti nǹkan bí 1845 ni àwọn oníṣòwò ará Hamburg ní Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó oríṣi mìíràn wá láti agbègbè Zanzibar, ní ìlà oòrùn Áfíríkà. Ó tóbi ju ti Maldives lọ, ó sì pọ̀ lọ́pọ̀ yanturu níbẹ̀, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ń rà á. Wọ́n ń fi ọkọ̀ kó o wá sí Èkó àti Whydah (ìlú etíkun kan ní Benin òde òní) láti fi ra epo pupa. Owó pọ̀ ju ọjà lọ, ọjà sì wọ́n. Ohun tí ẹgbàá kan lè rà nígbà tí ìyá ẹnì kan wà ní ọmọge, ọ̀pọ̀ ẹgbàá kò lè rà á mọ́ nígbà tí ọmọ náà dàgbà. Ọ̀kẹ́ mẹ́ta ní 1840 àti ọ̀kẹ́ mẹ́ta ní 1885 kì í ṣe owó kan náà rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye ìkarahun rẹ̀ kò yàtọ̀.

Èkejì ni pé ẹnikẹ́ni kò fi pọ́n-ùn ra owó ẹyọ padà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbilẹ̀, owó Ìlú Ọba ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ ojú irin, òun náà ni wọ́n sì fẹ́ gbà fún owó orí. Bank of British West Africa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1894, tó sì wá di First Bank lónìí, ló ń kó owó fàdákà náà wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé owó ẹyọ wọ̀lú mọ́, wọ́n sì fi èyí tó wà nílẹ̀ sílẹ̀ kí ó kú fúnra rẹ̀. Ẹ fi wé ohun tí wọ́n ṣe fún manilla, òrùka idẹ tí wọ́n ń ná ní apá ìlà oòrùn Nàìjíríà: ní 1948 sí 1949, ìjọba fi owó ra òrùka wọ̀nyẹn padà lọ́wọ́ àwọn tó ní wọn, wọ́n sì ní iye tí wọ́n rà á. Ti owó ẹyọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kó ọ̀kẹ́ mẹ́wàá pamọ́ sí àjà nítorí ogbó rẹ̀ jí ní ọjọ́ kan, ó sì rí i pé ìkarahun ni òun ní. Mo ka ìyẹn sí ọ̀kan nínú àwọn àdánù ńlá tí ìtàn wa kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Okùn tó so pọ́n-ùn mọ́ náírà, kò sí irú rẹ̀ láàárín owó ẹyọ àti pọ́n-ùn.

Ó yani lẹ́nu pé Ghana ló rántí. Inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Akan ń pe owó ẹyọ ni wọ́n ti mú orúkọ cedi.

Mo ní màá padà sórí ₦6.75. Ní ọdún tí náírà dé, náírà kan lágbára ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di àárín àwọn ọdún 1980. Ní oṣù Kẹsàn-án 1986, ìjọba dẹ́kun dídi iye rẹ̀ mú, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ní ìparí 2024, ó ju 1,500 náírà lọ kí ènìyàn tó rí dọ́là kan. Ìdajì kọ́bọ̀ ti lọ, kọ́bọ̀ ti lọ, bébà àádọ́ta kọ́bọ̀ àti ti náírà kan di onírin ní 1991, ọlọ́jà kò sì ní gba onírin náírà kan lọ́wọ́ yín lónìí. 75 kọ́bọ̀ tó wà ní ìdí ₦6.75 náà kò ṣeé san rárá. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìwé pé náírà méje ó dín díẹ̀ ni bàbá dá nínú èsúsú, òótọ́ ni ẹ kọ, àmọ́ irọ́ ni ọmọ yín yóò kà níbẹ̀, nítorí yóò rò pé bàbá ahun ni.

Ohun tó ń sọ bí owó ṣe tó ni ohun tó rà. Ẹ sì ní ẹlẹ́rìí láàyè. Ẹ jókòó ti ìyá àgbà, kí ẹ má ṣe béèrè pé “èló ni nǹkan nígbà yẹn?” nítorí “pọ́ọ́kú ni” ni wọn yóò dá yín lóhùn. Ẹ béèrè ohun kan pàtó: ẹ̀kọ mélòó ni tọ́rọ́ ń rà, àkàrà mélòó ló ń bá a rìn, ṣé ẹ̀pìnnì ń ṣẹ́kù? Èló ni wọ́n ń san fún ẹni tó bá fi odidi ọjọ́ kan ro oko kòkó? Èló ni bàtà ọdún Kérésì? Bí ẹ bá ti mọ owó iṣẹ́ ọjọ́ kan, ẹ pín £3 7s 6d sí i, ẹ ó sì mọ iye ọjọ́ tí bàbá fi ṣiṣẹ́ fún owó èsúsú yẹn. Kí ẹ tó pín in, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di pẹ́nì: pọ́n-ùn mẹ́ta jẹ́ 720, ṣílè méje jẹ́ 84, ẹ fi mẹ́fà kún un, ó di 810.

Ní ti ìwọ̀fà, ẹ má ṣe wá iye kankan. Ẹ wá àkókò. Àwọn àgbà wa kì í fi ọdún dá àkókò, ogun ni wọ́n fi ń dá a. Ẹ bi wọ́n bóyá kí ogun Ìjàyè tó jà ni wọ́n yá owó náà, tàbí nígbà tí Ìbàdàn wà lójú ogun Kírìjì. Ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ó sì parí ní 1893. Bí ó bá ṣáájú Ìjàyè, gbèsè ńlá ni ọ̀kẹ́ mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ ìgbà Kírìjì, owó Zanzibar ti bo ọjà, gbèsè náà sì lè má wúwo tó bó ṣe ń dún létí. Ẹ tún béèrè iye ọdún tó fi sìn ín, nítorí iṣẹ́ ìwọ̀fà kì í dín gbèsè kù. Èlé nìkan ni iṣẹ́ náà dúró fún. Ojú owó ṣì wà níbẹ̀ títí tí wọn yóò fi kó o sílẹ̀ pé pérépéré.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ ìwé náà, báyìí ni màá ṣe kọ ọ́: “Bàbá ńlá wa yá ọ̀kẹ́ mẹ́ta owó ẹyọ, 60,000 ìkarahun, ẹrù alárù mẹ́ta, nígbà ogun báyìí báyìí, ó sì sìn ín fún ọdún báyìí. Bàbá wa dá £3 7s 6d sínú èsúsú ní 1958, ₦6.75 ní òǹkà 1973, owó iṣẹ́ oko ọjọ́ báyìí. Ìyá wa ń gba tọ́rọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kọ́bọ̀ àtijọ́ mẹ́ta, ẹ̀kọ báyìí àti àkàrà báyìí.” Gbogbo ibi tí mo ti kọ “báyìí” ni kí ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà, kí ẹ sì mú bírò dání.